Oṣù Karùn-ún ni kí ẹ bi àwọn ọmọ yín léèrè, ẹ má dúró de oṣù Kọkànlá

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Àwa tí a wà lókè òkun, orí fóònù ni a ti ń ka ìwé ìròyìn yín. Èmi a máa kà á ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú bá ti sùn, tí mo sì lè fẹ̀yìn ti àga díẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan tó ní kò sí ìyàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ òṣèlú Amẹ́ríkà àti tiwa nílé. Ó ní alága ẹgbẹ́ ní Washington ló ń pín tíkẹ́ẹ̀tì, bàbá-ìsàlẹ̀ ló ń sọ ẹni tí yóò dúró, ará ìlú kàn ń wá fọwọ́ sí i ní ìdìbò gbogbogbòò oṣù Kọkànlá ni.

Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dùn mí. N kò bínú sí ẹni tó kọ ọ́. Ohun tó kọ yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé níbí gbà gbọ́, òun ló sì ń mú kí wọ́n jókòó sílé lọ́jọ́ tó yẹ kí wọ́n jáde. Èmi náà gbà á gbọ́ rí.

Ìṣẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń hun aṣọ òkè, ó sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ UPN. Inú agolo bisikí kan tó wà lábẹ́ ibùsùn ló ń tọ́jú káàdì ẹgbẹ́ rẹ̀ sí, pẹ̀lú rìsíìtì owó orí àti ìwé ilẹ̀. Nígbà tí ìlú gbóná lẹ́yìn ìdìbò 1983, oko ni bàbá mi lọ sùn fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Lóru ọjọ́ kejì, ìyá mi gbé agolo náà lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó rì í mọ́ ibẹ̀. Èmi ni mo di àtùpà mú fún un. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ẹgbẹ́ òṣèlú sí ohun tí wọ́n fi ń wá èèyàn wá sílé lóru.

Ní ọdún 2018, mo búra di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà níbí, ní Philadelphia, ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Lọ́jọ́ náà gan-an ni obìnrin kan pín fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ olùdìbò fún gbogbo wa. Mo kọ orúkọ, mo kọ àdírẹ́sì, mo kọ ọjọ́ ìbí. Ìgbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè ẹgbẹ́ òṣèlú, ọwọ́ mi dúró. Mo rántí agolo. Mo fa igi sí àpótí tó sọ pé n kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, mo sì rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

Oṣù Karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, ìlú ń dìbò. Mo ti iṣẹ́ alẹ́ dé, n kò sùn, mo wẹ̀, mo wọ bùbá àti ìró mi, mo gba ibùdó ìdìbò wa lọ. Obìnrin tó wà nídìí tábìlì ṣí ìwé, ó rí orúkọ mi, ó gbé ojú sókè, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé n kò lè dìbò yan ẹnikẹ́ni lónìí. Ìdìbò abẹ́lé ni wọ́n ń ṣe, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń mú olùdíje wọn. Ẹni tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́, àwọn ìbéèrè kan nípa òfin ìlú nìkan ló lè dìbò lé lórí. Kò hùwà àìdáa sí mi rárá, òfin ló ń tẹ̀ lé. Mo dáhùn àwọn ìbéèrè náà, mo jáde láàárín ìṣẹ́jú méjì.

Ìyá àgbà kan wà níta, ọmọ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ó jókòó sórí àga tí wọ́n ń ká, ó ń pín ìwé pélébé fún àwọn tó ń wọlé. Ó béèrè ohun tó mú mi yára jáde bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ ti òkèèrè wá, oṣù Kọkànlá lẹ máa ń dé. Ìgbà yẹn, ọbẹ̀ ti jinná, a sì ti bù ú tán.” Màmá ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Òun ló kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹni tó bá wà nílé ṣòro fún un láti gbàgbọ́, ṣùgbọ́n kò sí káàdì ẹgbẹ́ níbí. Kò sí owó oṣù ẹgbẹ́ tí èèyàn gbọ́dọ̀ san, kò sí alága wọ́ọ̀dù tí ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé o wọlé. Àpótí tí o fa igi sí lórí fọ́ọ̀mù yẹn, òun ni ẹgbẹ́ rẹ. Ọwọ́ ìjọba ni ìwé orúkọ wà, kò sí lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ kò lè lé ọ jáde nínú ìwé náà, kò lè sọ pé o kò tíì pẹ́ tó. Bí o bá fẹ́ yí padà lọ́la, o kọ fọ́ọ̀mù mìíràn. Ìjọba ló sì ń ṣe ìdìbò abẹ́lé náà, owó orí wa ni wọ́n fi ń ṣe é, ibùdó kan náà, òṣìṣẹ́ ìdìbò kan náà pẹ̀lú ti oṣù Kọkànlá. Ẹni tó bá sì gba ìbò jù níbẹ̀ ni yóò gbé orúkọ ẹgbẹ́, ì báà wu alága, ì báà má wù ú. Nílé, òfin ìdìbò tí wọ́n ṣe ní 2022 gbà nígbà náà kí ẹgbẹ́ lo aṣojú, tàbí kí wọ́n fẹnu kò sórí ẹnì kan ṣoṣo, ibẹ̀ sì ni bàbá-ìsàlẹ̀ ti rí àyè.

Ẹ wo ọdún 2016. Ẹgbẹ́ ńlá méjì ló wà níbí, Republican àti Democratic. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà ẹgbẹ́ Republican kò fẹ́ Donald Trump, wọ́n sọ ọ́ ní gbangba, wọ́n náwó sí i. Àwọn olùdìbò abẹ́lé fẹ́ ẹ, ọ̀rọ̀ parí. Ní oṣù Kẹfà 2018, ní New York, Joe Crowley wà ní ipò kẹrin nínú àwọn olórí Democratic ní ilé aṣojú-ṣòfin, òun náà sì ni alága ẹgbẹ́ ní gbogbo Queens, apá kan ìlú New York. Alexandria Ocasio-Cortez, ọmọ ọdún 28 tí kò ṣe ipò kankan rí, dúró pẹ̀lú rẹ̀ ní ìdìbò abẹ́lé, ó sì fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀. Gbogbo ìbò àwọn méjèèjì kò tó 30,000 ní ẹkùn tí ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ń gbé. Alága ni ọkùnrin yẹn o, kò rí tíkẹ́ẹ̀tì fún ara rẹ̀!

Níbí ní Philadelphia, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti oṣù Kìíní 1952 ni Republican kankan kò ti jókòó sórí àga olórí ìlú wa mọ́. Ẹni tó bá mú tíkẹ́ẹ̀tì Democratic ní oṣù Karùn-ún ti di olórí ìlú, oṣù Kọkànlá kàn jẹ́ ayẹyẹ ni. Ní 2023, Cherelle Parker borí ìdìbò abẹ́lé náà, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò jẹ olórí ìlú yìí. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìbò tí wọ́n dì ló fi wọlé, àwọn tó sì jáde dìbò kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Kò tó ẹnì kan nínú mẹ́sàn-án àwọn tó forúkọ sílẹ̀ tó sọ ẹni tí yóò máa darí ìlú tó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ èèyàn. N kò sọ pé kò yẹ kó wọlé, mo dìbò lọ́jọ́ náà, inú mi sì dùn láti rí obìnrin níbẹ̀. Ohun tó ń dun mí ni pé ọjọ́ kejì, ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ra èlùbọ́ lójú Woodland Avenue, mo bá àwọn ọmọ Yorùbá márùn-ún tí wọ́n ń jiyàn lórí owó orí àti ọlọ́pàá. Mo bi wọ́n ta ló dìbò. Ẹnì kan nínú wọn ni. Àwọn mẹ́rin yòókù ń dúró de oṣù Kọkànlá.

Màmá a máa sọ fún mi pé àwọn baba wọn mọ iyì ìdìbò abẹ́lé ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n lọ, nítorí pé wọ́n fi dù wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa gbọ́. Ní àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù nígbà náà, Democratic nìkan ló ń wọlé, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí ní ìlú wa lónìí. Àwọn aláwọ̀ funfun tó ń ṣàkóso Texas wá dá ọgbọ́n kan: wọn kò sọ pé aláwọ̀ dúdú kò gbọ́dọ̀ dìbò ní oṣù Kọkànlá. Wọ́n ní ẹgbẹ́ àwọn jẹ́ ti ara àwọn, bí ẹgbẹ́ aláṣọ-ẹbí, àwọn sì lè sọ ẹni tí yóò wọlé síbẹ̀, pé aláwọ̀ funfun nìkan ló lè dìbò abẹ́lé. Ìbò oṣù Kọkànlá wà lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú, kò sì wúlò fún nǹkan kan. Oníṣègùn eyín kan ní Houston, Lonnie Smith, lọ dìbò abẹ́lé ní 1940, wọ́n kọ̀ fún un. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́, Thurgood Marshall sì wà lára àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀. Ní 1944, Ilé Ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà dá a láre: bí ìdìbò abẹ́lé bá jẹ́ apá kan ọ̀nà tí ìjọba fi ń yan olórí, ẹgbẹ́ kò lè fi àwọ̀ ara ti ẹnikẹ́ni síta.

Síbẹ̀, ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹjọ 1964, Fannie Lou Hamer, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ oko òwú ní Mississippi, ní láti gun ọkọ̀ wá sí ìpàdé gbogbogbòò Democratic ní Atlantic City, tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa níbí, láti bi wọ́n léèrè ìdí tí àwọn aṣojú Mississippi fi jẹ́ aláwọ̀ funfun nìkan. Ó jókòó níwájú ìgbìmọ̀, tẹlifíṣọ̀n ń gbé e, ó sọ bí wọ́n ṣe lé e kúrò nílé tó ń gbé nínú oko tó ti ń ṣiṣẹ́ nítorí pé ó lọ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, àti bí wọ́n ṣe lù ú nínú àtìmọ́lé. Ìjókòó méjì péré ni ẹgbẹ́ fi lọ òun àti àwọn tó bá a wá. Wọ́n kọ̀ ọ́. Nígbà tí mo gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu Màmá, mo rántí àpótí tí mo fi ọwọ́ ara mi fa igi sí. Kò sí ẹni tó lù mí, kò sí ẹni tó lé mi, èmi ni mo fi ara mi síta.

Mo kọ fọ́ọ̀mù tuntun. Democratic ni mo mú, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìlú wa ti ń parí, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n sì ń sọ bá mi lára mu. Ẹni tó bá mú Republican kò ṣẹ̀ mí. Ní oṣù Karùn-ún 2022, ìdìbò abẹ́lé Republican ní Pennsylvania fún ipò sẹ́nẹ́tọ̀, Mehmet Oz àti David McCormick, ìyàtọ̀ ìbò láàárín àwọn méjèèjì kò tó 1,000 nínú ìbò tó lé ní mílíọ̀nù kan. Ẹ wo iye èèyàn tó lè yí èyí padà: ìjọ Ọlọ́run kan ṣoṣo tó ń ṣe ìsìn lọ́jọ́ Àìkú.

Ọdún 2022 yẹn náà ni èmi fúnra mi wọ inú iṣẹ́ ẹgbẹ́. Philadelphia ní wọ́ọ̀dù 66, wọ́n sì pín wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan sí ẹkùn kéékèèké tí wọ́n ń pè ní division, bí òpópónà mélòó kan péré. Nínú division kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń gbé ibẹ̀ ló ń dìbò yan ènìyàn méjì sí kọmití ẹgbẹ́ fún ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Màmá ni ẹnì kan. Ipò kejì ṣófo, kò sì sí ẹni tó ń wá a. Ó ní kí n dúró. Mo ní, “Èmi? Pẹ̀lú ohùn Ìṣẹ́yìn mi yìí?” Ó ní àwọn tó ní ohùn kò wá.

Orúkọ mẹ́wàá ni òfin ní kí n gbà, ọmọ ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ nínú division náà, kí wọ́n fọwọ́ sí i fúnra wọn, kí wọ́n kọ àdírẹ́sì àti ọjọ́. Màmá ní kí n má dúró sí mẹ́wàá, nítorí ẹnikẹ́ni lè gba ilé ẹjọ́ lọ láti ta ko orúkọ tí kò bá ìwé mu. Mo so fọ́ọ̀mù mọ́ pátákó ìkọ̀wé, òtútù ń mú, bíró kò fẹ́ kọ, mo ń mí èémí gbígbóná sí i lẹ́nu. Ilé àkọ́kọ́, ọmọ Liberia, ó fọwọ́ sí i kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Ilé kejì, bàbá kan bi mí ohun tí màá ṣe nípa iná òpópónà tó ti kú, mo ní màá kọ orúkọ iná náà sílẹ̀, ó ní kí n kọ ọ́ lójú òun. Mo kọ ọ́. Ilé kẹta ni ti arákùnrin wa kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, ó kí mi dáadáa, ó fún mi ní omi gbígbóná, ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o, èmi kì í ṣe òṣèlú.” Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Nílé tirẹ̀ náà, ó ṣeé ṣe kí agolo kan wà lábẹ́ ilẹ̀. Orúkọ mẹ́tàdínlógún ni mo gbà, ọjọ́ mẹ́rin ló gbà mí. Kò sí ẹni tó bá mi du ipò náà, mo wọlé.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ọkùnrin tó ń ṣe olórí wọ́ọ̀dù wa wá sílé mi. Ó jókòó sórí àga onípákó tí àwọn ìbejì mi ń gùn, mo gbé mọ́ínmọ́ín fún un, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì tọrọ ìbò mi. Nítorí àwa ará kọmití ni a ń dìbò yan olórí wọ́ọ̀dù. Olóòtú, mo ronú kan bàbá mi lọ́jọ́ náà. Gbogbo ọdún tó fi wà nínú ẹgbẹ́, òun ló ń lọ sí ilé olórí, kò sí olórí tó wá sí tirẹ̀ rí. A dìbò náà nínú ìyàrá abẹ́ ilé ṣọ́ọ̀ṣì, lórí àga onírin, bébà kéékèèké tí a ká sí méjì. Ẹlòmíràn tún dúró pẹ̀lú rẹ̀, ẹni ogójì ọdún, ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Olórí àtijọ́ ló borí, mo sì gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ ló gbé e wọlé.

Láti ibẹ̀ lọ sókè, àwọn olórí wọ́ọ̀dù ló ń yan alága ẹgbẹ́ fún gbogbo ìlú. Bob Brady ni wọ́n yàn fún ẹgbẹ́ wa ní 1986, òun náà ló sì wà níbẹ̀ nígbà tí èmi wọlé ní 2022. Kọmití ìpínlẹ̀ wà lókè ìyẹn, kọmití àpapọ̀ sì wà ní Washington. Ṣùgbọ́n ẹ má wò ó bí àtẹ̀gùn ológun. Alága ní Washington kò mọ̀ mí, kò lè yọ mí, kò lè yọ olórí wọ́ọ̀dù wa, kò sì sanwó fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìpele kọ̀ọ̀kan ló ń wá owó tirẹ̀, ìpele kọ̀ọ̀kan ló ń dìbò tirẹ̀. Bí ẹgbẹ́ alájọṣe tó wà ní ìlú oríṣiríṣi tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan ni ó rí. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé “ẹgbẹ́ Democratic sọ báyìí,” ẹ béèrè pé èwo nínú wọn.

Àwọn tó dá orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀ kò tilẹ̀ fẹ́ ẹgbẹ́. Nínú ìwé òfin tí wọ́n kọ ní ìlú wa yìí ní 1787, ẹ kò ní rí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú níbì kankan. George Washington sì kìlọ̀ nípa ẹ̀mí ẹgbẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ìdágbére rẹ̀ ní 1796. Wọ́n kò tíì parí ìjà lórí owó àti ogun tí ẹgbẹ́ fi dé. Ilé tí Republican ti ṣe ìpàdé gbogbogbòò wọn àkọ́kọ́ láti fa olùdíje ààrẹ kalẹ̀, ní 1856, ṣì wà lójú Locust Street, mo ti gba iwájú rẹ̀ kọjá pẹ̀lú àpò oúnjẹ lọ́wọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn: bàbá-ìsàlẹ̀ wà níbí rí, wọ́n sì lágbára gan-an. Ní Chicago, Richard J. Daley jẹ́ olórí ìlú láti 1955 títí ó fi kú ní 1976, òun náà ló sì ń darí ẹgbẹ́ níbẹ̀. Ní ìlú rẹ̀ yẹn, ní 1968, Democratic fa Hubert Humphrey kalẹ̀ fún ipò ààrẹ láìjẹ́ pé ó díje nínú ìdìbò abẹ́lé kankan, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ló fún un. Àwọn ọ̀dọ́ ń jẹ igi ọlọ́pàá níta nítorí ogun Vietnam. Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni ìgbìmọ̀ tó tún òfin ẹgbẹ́ ṣe, láti 1972 ni ìbò ará ìlú sì ti ń pinnu. Títí di òní, ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ṣì wà. Ní oṣù Keje 2024, nígbà tí Joe Biden yọ ara rẹ̀ kúrò lẹ́yìn tí ìdìbò abẹ́lé ti parí, àwọn aṣojú ló fa Kamala Harris kalẹ̀, kò sí àyè láti padà bi àwa olùdìbò. Inú mi kò dùn sí bó ṣe lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo dìbò fún un. Owó náà sì wà, owó tó pọ̀ débi tó ń bani lẹ́rù ni, láti ọwọ́ àwọn tí kì í ṣe ẹgbẹ́, pàápàá lẹ́yìn ìdájọ́ ilé ẹjọ́ ní 2010 tó ṣílẹ̀kùn fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá láti náwó bó ṣe wù wọ́n.

Ẹlòmíràn a ní kí ló dé tí ẹgbẹ́ fi jẹ́ méjì péré, ṣé a kò lè dá tiwa sílẹ̀? Ipò kan, ẹnì kan ni wọ́n ń yàn, ẹni tó bá ṣe kejì kò rí nǹkan kan. Ross Perot gba bí ìbò mọ́kàndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún ní 1992, kò mú ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo. Ní ìlú wa nìkan ni mo ti rí ọ̀nà tó yàtọ̀: nínú ìgbìmọ̀ ìlú wa, òfin kò gbà kí ẹgbẹ́ kan fa ju ènìyàn márùn-ún kalẹ̀ fún àwọn ipò méje tí gbogbo ìlú jọ ń dì, nítorí náà méjì gbọ́dọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Republican ló ń mú méjèèjì. Ní 2019, Kendra Brooks ti ẹgbẹ́ Working Families gba ọ̀kan, ní 2023 wọ́n gba ìkejì. Àwọn tí ń rìn láti ilé dé ilé ló ṣe é, mo rí wọn.

Òfin kò dọ́gba káàkiri, èyí sì ń da àwọn èèyàn wa láàmú. Ní Pennsylvania, Maryland àti New York, ẹni tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́ kò ní dìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ kankan. Ọmọ yín tó wà ní Houston tàbí Atlanta kò ní fa igi sí ẹgbẹ́ kankan lórí fọ́ọ̀mù, ọjọ́ ìdìbò abẹ́lé ni yóò sọ ìwé ẹgbẹ́ tó fẹ́ gbà. Ní Chicago náà, yóò béèrè ìwé ẹgbẹ́ kan lọ́jọ́ náà. Ti Texas máa ń bọ́ sí oṣù Kẹta, nítorí náà ẹni tó bá ń dúró de Karùn-ún níbẹ̀ ti pẹ́.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka èyí ní Ìbàdàn, ní Àkúrẹ́, ní Ìṣẹ́yìn mi, ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀. Àwọn ọmọ yín kì í fẹ́ gbọ́ tèmi, wọ́n máa ń ní ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pè wọ́n lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹ tó béèrè bóyá òtútù ń mú wọn, ẹ bi àwọn tó ti di ọmọ ìlú nínú wọn pé ẹgbẹ́ wo ló wà lórí ìwé ìdìbò wọn. Bí wọ́n bá ní àwọn kò mọ̀, ẹ bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì.

Fún àwọn tó wà ní Philadelphia: ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 2026 ni ìdìbò abẹ́lé wa, ọjọ́ 4 oṣù náà ni fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ tàbí ìyípadà ẹgbẹ́ yóò tì. Gbogbo ipò kọmití ní division ló tún ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọjọ́ 17 oṣù Kejì sí ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ni a lè gba orúkọ. Màmá kú ní ọdún tó kọjá, àga rẹ̀ tí wọ́n ń ká wà lọ́dọ̀ mi, ipò rẹ̀ sì ṣófo. Mo ti padà lọ sí ilé arákùnrin Ìjẹ̀bú wa yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi, ó gbé e sórí firíìjì. Orúkọ mẹ́wàá ló ń wá. Mo ti ra bíró tí kì í dì nínú òtútù.

Ìyá Ìbejì,
Southwest Philadelphia, Pennsylvania